Yinni Yinni, Kẹ́ni Ó Lè Ṣe Mìíràn: Ìwádìí Tí Àwọn Elédè Fúnra Wọn Ń Ṣe

Ní ọdún 2020, àpilẹ̀kọ ìwádìí kan jáde nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà tí orúkọ àkọ́kọ́ lórí rẹ̀ kì í ṣe orúkọ ènìyàn. Àmì kan ni wọ́n fi síbẹ̀, ∀, èyí tí àwọn onímọ̀ ìṣirò máa ń lò bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ kan kan gbogbo ohun tó wà nínú agbo, láìyọ ẹyọ kan sílẹ̀. Ẹ̀yìn àmì yìí ni orúkọ àwọn ènìyàn tó lé ní 40 tò sí: ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Gánà, ọmọ Kẹ́ńyà, ọmọ Nàmíbíà, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ọmọ orílẹ̀-èdè Benin. Orúkọ Yorùbá pọ̀ lára wọn. Nígbà náà, àwọn kan nínú wọn ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn kan ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, àwọn mìíràn kò sì gba oyè kankan nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà rí. Èdè wọn ni wọ́n mọ̀, òun náà ni wọ́n mú wá.

Iṣẹ́ tí wọ́n jọ ṣe ni pé wọ́n kọ́ ẹ̀rọ láti máa ṣe ògbufọ̀ fún èdè Áfíríkà tó lé ní 30. Wọ́n fi òṣùwọ̀n lélẹ̀ fún èdè kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ibi tí iṣẹ́ dé. Nínú ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn èdè náà, àwọn tó ń sọ wọ́n fi ojú ara wọn yẹ ohun tí ẹ̀rọ túmọ̀ wò, wọ́n sì sọ ibi tó ti kùnà. Ní ọdún 2021, àjọ Wikimedia Foundation, èyí tó ń ṣe àmójútó Wikipedia, fún àpilẹ̀kọ náà ní àmì-ẹ̀yẹ ìwádìí ọdún, pẹ̀lú iṣẹ́ kan mìíràn.

Masakhane ni orúkọ ẹgbẹ́ tó ṣe é. Èdè Zulu ni wọ́n ti mú orúkọ náà, ó sì jẹ mọ́ kí a jọ pawọ́ pọ̀ kọ́ nǹkan. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kò ní ilé gogoro, kò sì ní ọ̀gá tó ń pàṣẹ láti òkè. Àwọn ènìyàn tó ní èdè ló pé jọ, tí wọ́n ní àwọn kò ní dúró de ẹni tí yóò ṣe é fún àwọn.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní yinni yinni, kẹ́ni ó lè ṣe mìíràn. A mọ òwe náà dáadáa. Irú ẹni tí a ń lò ó fún ló yẹ ká tún wò. Lọ́jọ́ ayẹyẹ ìlú, oníṣòwò ńlá la ń pè sórí pèpéle, olóṣèlú la ń fún ní àwọọ̀dù, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́ tó ń ti abúlé kan bọ́ sí òmíràn láti gba ohùn àwọn àgbàlagbà sílẹ̀ wà láàárín èrò, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Lójú tèmi, ìyìn wà lára irinṣẹ́ ìwádìí gan-an, kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣe ọ̀ṣọ́ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ṣùgbọ́n ìyìn tó ń ṣiṣẹ́ ni èyí tó kọ orúkọ ẹni sílẹ̀, tó sì san owó àkókò rẹ̀.

Bí agbo náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ kan tí Shakir Mohamed, Ulrich Paquet àti Vukosi Marivate wà lára wọn pe àpérò kan sí Yunifásítì Witwatersrand ní Johannesburg. Deep Learning Indaba ni wọ́n pe àpérò náà. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé ìmọ̀ ọgbọ́n àtọwọ́dá (AI) ń gba gbogbo ayé kan, àwọn ọmọ Áfíríkà kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Láti ìgbà náà, àpérò yìí ti dé Stellenbosch, Nairobi, Tunis, Accra, Dakar àti Kigali. Ó sì ti bí IndabaX, ìyẹn àwọn ìpàdé tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣètò fúnra wọn ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, tí Nàìjíríà wà lára wọn.

Inú ìrìnkèrindò yìí ni Masakhane ti yọ ní 2019. Jade Abbott àti Laura Martinus, obìnrin méjì láti Gúúsù Áfíríkà tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí ògbufọ̀ ẹ̀rọ fún àwọn èdè orílẹ̀-èdè wọn, ló pe àwọn yòókù pé kí wọ́n wá bá wọn ṣe é fún gbogbo Áfíríkà.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yani lẹ́nu. Wọ́n kọ gbogbo ìlànà iṣẹ́ náà sínú ìwé iṣẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì gbé e sórí Google Colab, níbi tí ènìyàn ti lè lo kọ̀ǹpútà alágbára tó wà lókèèrè láìsan kọ́bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ darapọ̀ nígbà náà yóò ṣe ẹ̀dà ìwé iṣẹ́ yìí, yóò yọ orúkọ èdè tó wà níbẹ̀ kúrò, yóò fi tirẹ̀ sí i, yóò sì jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ mọ́jú. Bó bá di àárọ̀, yóò gbé àbájáde rẹ̀ sí gbangba kí àwọn yòókù lè rí i. Ìpàdé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kò bá yé. Wọn kì í béèrè sáàtífíkéètì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ ilé ìwé tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lágbára, tó sì ń fi fóònù ra dátà, lè bá ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó sídìí iṣẹ́ kan náà.

Ètò yìí ló gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn wọlé. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí gbọ́dọ̀ rí yunifásítì gbà á, kó rí ọ̀gá tí yóò darí rẹ̀, kó tó wá rí kọ̀ǹpútà lò. Masakhane yí i po: kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ná, oyè lè máa bọ̀ lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ pọ̀, ọ̀rọ̀ kò dára

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí a ò fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ ńlá. Ṣebí wọ́n lówó, ṣebí wọ́n ní ẹ̀rọ. Láti ọdún 2013 ni Yorùbá ti wà lórí Google Translate, ẹni tó bá sì lò ó láyé ìgbà yẹn mọ irú ẹ̀rín tó máa ń pani.

Ìdáhùn wà nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2022, tí Julia Kreutzer, Isaac Caswell àti ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Masakhane wà lára wọn, jọ ṣe. Àwọn iléeṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ ńlá ti fi ẹ̀rọ gbá ọ̀rọ̀ jọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀pọ̀ èdè, wọ́n sì ń fi í kọ́ ẹ̀rọ. Àwọn olùwádìí yìí mú àkójọ ńlá márùn-ún, wọ́n yẹ apá 205 tó wà fún èdè kọ̀ọ̀kan nínú wọn wò. Ó kéré tán, 15 nínú wọn kò ní ọ̀rọ̀ kankan tó ṣeé lò. Nínú ọ̀pọ̀ mìíràn, èyí tó dára kò tó ìdajì. Ohun tí wọ́n pè ní èdè kan lè jẹ́ èdè mìíràn, ó sì lè jẹ́ ìpolówó ọjà tí ẹ̀rọ túmọ̀ ní ìtumọ̀kútùmọ̀. Ọ̀nà tí wọ́n sì gbà mọ gbogbo èyí ni pé wọ́n ṣí i, wọ́n kà á. Owó rẹpẹtẹ ti lọ sórí àwọn àkójọ náà, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn èdè náà, wọn kò pe elédè wá kó kà á kí wọ́n tó máa lò ó.

Ìwádìí kan tí Jesujọba Àlàbí, David Adélaní àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ṣe ní 2020 lórí Yorùbá àti èdè Twi ti Gánà fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Wọ́n gbé àkójọ ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ tí a gbá jọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n gbé èyí tó kéré ṣùgbọ́n tí àwọn tó mọ èdè ṣà jọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Èyí tí a ṣà jọ ló kọ́ ẹ̀rọ dáadáa jù.

Àmì ohùn wà lára ohun tó fa ìyàtọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni a kọ láìfi àmì sí i. Bí ènìyàn bá rí "igba" lásán, yóò fi ọ̀rọ̀ tó yí i ká mọ̀ bóyá ìgbà ni, tàbí igbá, tàbí igba náírà. Ẹ̀rọ tí a kò kọ́ dáadáa yóò kàn máa táràrà. Iroro Orife ti gbé iṣẹ́ jáde ní 2018 lórí bí ẹ̀rọ ṣe lè dá àmì padà sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a kọ láìní àmì. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí a pàdánù kò ní ronú kan wíwá a padà.

Àwọn ọmọ Masakhane pẹ̀lú kò ṣàìrí ìdíwọ́. Níbẹ̀rẹ̀, orí àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní JW300 ni iṣẹ́ wọn dúró lé jù. Ìwé àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà ni wọ́n ti mú un, ó sì wà ní èdè tó lé ní 300. Nígbà tó yá, wọ́n mú un kúrò nílẹ̀ nítorí ẹ̀tọ́ oní-nǹkan. Kí wọ́n tó mú un kúrò pàápàá, ẹ̀rọ tó bá jẹ́ inú ìwé ẹ̀sìn nìkan ló ti kẹ́kọ̀ọ́ máa ń sọ̀rọ̀ bí oníwàásù. Kò mọ bí a ṣe ń ná ọjà, kò sì mọ èdè àwọn akọ̀ròyìn. Dandan ni kí wọ́n dìde kó ọ̀rọ̀ tiwọn jọ.

Àwọn tó ti ṣe é ṣáájú

Kò yẹ kí kíkó ìmọ̀ ara ẹni jọ ṣàjèjì sí Yorùbá. Àlùfáà Samuel Johnson ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Ọ̀yọ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọ̀dọ̀ àwọn arọ́kin ló ti gbọ́ ìtàn ìgbà ìwáṣẹ̀. Ó tọ Lágùnjú Tìmì Ẹdẹ lọ, ó tọ David Kukomi, àgbà nínú ìjọ Ìbàdàn, lọ. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀, èyí tó parí ní 1897, ó dárúkọ wọn. Kò fi ìmọ̀ wọn pamọ́ sábẹ́ orúkọ ara rẹ̀.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ sí ìwé náà ló yẹ kó kó ìpayà bá wa. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1899, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló kó àwọn ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ sílẹ̀ jọ, tó sì tún ìwé náà kọ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n tún fi ránṣẹ́. Àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ ojú omi tó gbé e. Ọdún 1921 ni The History of the Yorubas tó jáde, Obadiah pàápàá ti kú ní ọdún kan ṣáájú.

Ọdún 22 gbáko ni iṣẹ́ náà fi ń ràpálá kiri. Bí kì í bá ṣe àbúrò tó lórí kunkun, ìmọ̀ àwọn arọ́kin yẹn ì bá ti bá omi lọ. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ òde òní fi ju Johnson lọ ni pé wọ́n pọ̀, ẹ̀dà iṣẹ́ wọn sì wà káàkiri. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tó ń san owó iná àti owó dátà, ọ̀pọ̀ wọn yóò rẹ̀ lójú ọ̀nà, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀.

Ohun tí wọ́n ti ṣe fún Yorùbá

Ní 2015, Kọ́lá Túbọ̀sún gbé YorubaName.com kalẹ̀, àwọn ènìyàn ló sì dáwó jọ láti fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè mú orúkọ wá síbẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀, àwọn olóòtú yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Ostana ní ilẹ̀ Ítálì, èyí tí wọ́n ń fún àwọn òǹkọ̀wé tó ń gbé èdè abínibí wọn ga.

Ní 2021, MENYO-20k jáde: gbólóhùn 20,100 ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bára wọn mu. Inú ìròyìn, àsọyé, ọ̀rọ̀ inú fíìmù àti irú wọn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti mú un, wọ́n sì fi àmì ohùn sí i bó ṣe yẹ. Ọdún yẹn kan náà ni MasakhaNER dé, iṣẹ́ tí Adélaní ṣíwájú rẹ̀ fún èdè Áfíríkà 10, tí Yorùbá, Haúsá, Ígbò, Swahili àti Wolof wà lára wọn. Lọ́dún 2022, wọ́n sọ ọ́ di èdè 20. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń kọ́ ẹ̀rọ ni kó lè dá orúkọ ènìyàn, orúkọ ibi, orúkọ àjọ àti ọjọ́ mọ̀ nínú ìròyìn. Nínú Yorùbá, ìyẹn kì í ṣe eré. Ayọ̀ lè jẹ́ orúkọ ọmọ, ó sì lè jẹ́ inú dídùn. Adé lè jẹ́ ọkùnrin kan, ó sì lè jẹ́ ohun tó wà lórí ọba. Elédè ló lè jókòó kó fi àmì sí èyí tó jẹ́ orúkọ àti èyí tí kì í ṣe é, gbólóhùn lẹ́yìn gbólóhùn.

Ohùn ló kàn. Tolúlọpẹ́ Ògúnrẹ̀mí, Túbọ̀sún, Orife, Adélaní àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ṣe ÌròyìnSpeech, tí wọ́n kó nǹkan bí 23,000 gbólóhùn jọ fún. Àwọn 80 tó yọ̀ǹda ara wọn kà wọ́n, ohùn tí wọ́n sì gbà sílẹ̀ tó nǹkan bí wákàtí 42. Àwọn olùwádìí yìí tún gbé gbólóhùn 5,000 sórí Common Voice ti Mozilla, níbi tí ẹnikẹ́ni láyé ti lè kà á. Èyí tí wọ́n rí níbẹ̀, tí a yẹ̀ wò tó sì yege, jẹ́ wákàtí 6.

Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìwádìí aráàlú ronú sí wákàtí 42 àti wákàtí 6 yìí dáadáa. Ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ kò tó láti kó ènìyàn jọ. Ẹni tó ń pè wọ́n, tó ń ṣàlàyé fún wọn, tó ń rán wọn létí, tó ń gbọ́ ohun tí wọ́n kà bóyá ó já gaara, ló ń kó wọn jọ. Iṣẹ́ ni ìyẹn náà, owó sì tọ́ sí i. NaijaVoices, tí Chris Emezue àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, fi ibi tí irú ètò bẹ́ẹ̀ lè dé hàn: wákàtí 1,800 ní Yorùbá, Ígbò àti Haúsá, láti ẹnu àwọn tó lé ní 5,000.

Ní 2024, àwọn olùwádìí kan tí Orevaoghene Ahia ṣíwájú wọn lọ síbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í wò. Wọ́n tọ àwọn tó ń sọ ẹ̀ka èdè Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ìlàjẹ lọ láàárín àwùjọ wọn, wọ́n sì kó ọ̀rọ̀ àti ohùn wọn jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yorùbá àjùmọ̀lò. YORÙLECT ni wọ́n pe àkójọ náà. Wọ́n rí i pé ẹ̀rọ tó ń gbọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò níwọ̀nba kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ti àwọn yòókù, àti pé bí a bá fi ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ láti ẹ̀ka èdè náà kọ́ ọ, ó ń tún ara rẹ̀ ṣe gan-an. Ìyá Ìlàjẹ tó fẹ́ bá fóònù sọ̀rọ̀ nípa ìlera rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí ohùn rẹ̀ padà sí ti Ọ̀yọ́.

Orúkọ lórí iṣẹ́

Láàárín àwọn olùwádìí, orúkọ ẹni lórí àpilẹ̀kọ ni owó tí à ń ná. Òun ni ilé ẹ̀kọ́ ń wò kí wọ́n tó gbani wọlé, òun ni àwọn onísíkọ́láṣíìpù ń kà. Láti ìgbà pípẹ́, ẹni tó bá sọ èdè fún olùwádìí, tàbí tó túmọ̀ fún un, kì í rí ju ìlà ọpẹ́ kan lọ ní ẹ̀yìn ìwé, bí ó bá rí ìyẹn pàápàá. Masakhane kọ̀ ọ́. Ẹni tó fi àmì sí gbólóhùn, ẹni tó yẹ iṣẹ́ wò, ẹni tó ṣètò àwọn yòókù ní èdè kan, gbogbo wọn ni òǹkọ̀wé. Nǹkan bí 60 ènìyàn ni orúkọ wọn wà lórí MasakhaNER.

Àwọn kan ní èyí ti pọ̀ jù. Wọ́n ní bí orúkọ bá ti tó 60, kò sẹ́ni tí yóò mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ gan-an, àti pé òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ lè dáhùn fún gbogbo ohun tó wà nínú àpilẹ̀kọ. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n nínú irú iṣẹ́ yìí, ta ló lè dáhùn fún Luganda, kó dáhùn fún Wolof, kó tún dáhùn fún Yorùbá? Kò sí ẹnì kan ṣoṣo. Bí a bá yọ àwọn elédè kúrò nínú orúkọ, irọ́ la pa nípa ẹni tó ṣe ìwádìí náà. Ohun tó tọ́ ni kí a kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe síwájú orúkọ rẹ̀.

Àǹfààní rẹ̀ sì ti ń hàn. Adélaní kàwé ní yunifásítì ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta, ó lọ sí Àbújá fún oyè kejì, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Saarland ní Jámánì, níbi tó ti ṣíwájú MasakhaNER nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn tó ṣiṣẹ́ ní University College London, ó di olùkọ́ ní McGill ní Kánádà, níbi tó ti ń tọ́ àwọn olùwádìí mìíràn sọ́nà. Shamsuddeen Hassan Muhammad láti Kano ṣíwájú NaijaSenti ní 2022, èyí tó kó ọ̀rọ̀ Twitter jọ ní Haúsá, Ígbò, Yorùbá àti Píjìn láti fi kọ́ ẹ̀rọ bí yóò ṣe mọ ọ̀rọ̀ ìyìn yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ èébú. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, AfriSenti gbé e dé èdè 14 àti ọ̀rọ̀ Twitter tó lé ní 110,000. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Emezue àti Bonaventure Dossou, ọmọ orílẹ̀-èdè Benin, nígbà tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ ògbufọ̀ láàárín Fọ̀n àti Faransé ní 2020. Fọ̀n ni alámùúlégbè wa, òun náà ní ohùn bíi tiwa, ọgbọ́n tí wọ́n sì kọ́ nídìí rẹ̀ wúlò fún Yorùbá pẹ̀lú.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀dọ́ ló mọ bí a ti ń kọ́ ẹ̀rọ, àgbà ló mọ ohun tó yẹ kí ẹ̀rọ mọ̀.

Ẹnu ọ̀nà tó ń tì

Ìṣòro kò tán. Ní 2018, nígbà tí àpérò AI tó lókìkí jù wáyé ní Montreal, ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà tí ẹgbẹ́ Black in AI fẹ́ gbé lọ síbẹ̀ ni wọn kò fún ní físà. Iṣẹ́ wọn ti yege, àwọn fúnra wọn kò ráyè dé ibẹ̀. Ariwo tí wọ́n pa so èso: àpérò ńlá mìíràn, ICLR, pinnu láti wá sí Addis Ababa ní 2020. Kòrónà lé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ó wáyé ní Kigali. Dípò kí ọmọ Rùwáńdà máa tọrọ físà, àwọn ará California ló wọ bàálù wá bá a.

Owó náà ń ṣòro. Lacuna Fund, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2020 láti máa náwó sórí àkójọ ọ̀rọ̀ àti dátà ní àwọn ilẹ̀ tí kò rí i tó, ran ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Áfíríkà lọ́wọ́. Òkèèrè ni èyí tó pọ̀ jù nínú irú owó bẹ́ẹ̀ ti ń wá, ẹni tó bá sì ń sanwó ló sábà máa ń yan ohun tí a óò wádìí.

Síbẹ̀, àwọn olùwádìí Áfíríkà ti ń fi àmì-ẹ̀yẹ tiwọn dá ara wọn lọ́lá nílé. Deep Learning Indaba ní ẹ̀bùn Kambule fún iṣẹ́ oyè tó dára jù lọ. Thamsanqa Kambule tí wọ́n fi sọrí jẹ́ olùkọ́ ìṣirò àti ọ̀gá ilé ìwé ní Soweto lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, tó padà di ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n tún ní ẹ̀bùn Maathai fún iṣẹ́ tó ṣe aráàlú láǹfààní, tí wọ́n fi sọrí Wangari Maathai ti Kẹ́ńyà, obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn àlàáfíà Nobel, ní 2004. Ọ̀dọ́ tó bá gba ẹ̀bùn yìí mọ̀ pé irú òun ti wà ṣáájú òun.

Ta ni yóò jẹ èrè rẹ̀?

Ìbéèrè kan kù tó ń fa àríyànjiyàn láàárín àwọn olùwádìí fúnra wọn. Bí a bá kó ọ̀rọ̀ wa jọ, tí a gbé e sí gbangba lọ́fẹ̀ẹ́, iléeṣẹ́ olówó lè wá kó o, kó fi ṣe ẹ̀rọ, kó sì padà wá tà á fún wa. Bí a bá sì tì í mọ́lé, akẹ́kọ̀ọ́ wa tí kò lówó kò ní rí i lò.

Àwọn Māori ní New Zealand ti gba ọ̀nà kan. Ní 2018, iléeṣẹ́ rédíò wọn, Te Hiku Media, pe àwọn ènìyàn wọn jáde, wọ́n sì kó nǹkan bíi wákàtí 300 ohùn jọ láàárín ọjọ́ 10. Nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ òkèèrè fẹ́ rà á, wọ́n kọ̀. Wọ́n fi ìwé àṣẹ tiwọn dè é, tó sọ pé ohun tí a bá fi ohùn náà ṣe gbọ́dọ̀ ṣe àwọn tó ni ín láǹfààní. Nílẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú, àwọn onímọ̀ òfin àti àwọn olùwádìí ti ń ṣe irú ìwé àṣẹ tó ń yà á sọ́tọ̀: ọ̀fẹ́ fún ọmọ ilé, ìdúnàádúrà fún iléeṣẹ́ ńlá. Ibi tí mo fara mọ́ nìyẹn. Ọ̀fẹ́ tí kò mọ ẹni tó ni nǹkan kò yàtọ̀ sí ìfiṣòfò.

Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́

Iṣẹ́ yìí kò pin sọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ní àwọn yunifásítì wa ní ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àṣekágbá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ lórí ẹ̀ka èdè, oríkì, ewé àti egbò àti orin ìbílẹ̀. Eruku ń bò wọ́n. Bí a bá fi ẹ̀rọ ya wọ́n sílẹ̀, tí a sì kọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti orúkọ baba tàbí ìyá tó sọ ọ́ fún un, àkójọ tí kò sí irú rẹ̀ ni. Àwọn iléeṣẹ́ rédíò wa ní téèpù ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, tí ń bàjẹ́ lọ. Àwọn oníròyìn Yorùbá lè fi ìwé ìròyìn àtijọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ lábẹ́ àdéhùn tó mọ́gbọ́n dání. Àwọn olùkọ́ tó ń darí akẹ́kọ̀ọ́ lè jáwọ́ nínú àṣà kí orúkọ ọ̀gá máa ṣíwájú orúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní London àti Houston ń béèrè bí àwọn ṣe lè ran ilé lọ́wọ́. Owó tí ẹnì kan fi ń jẹun alẹ́ níta lè san owó dátà akẹ́kọ̀ọ́ kan fún oṣù kan. Ẹ tún lè ka iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ sọ ibi tó kù sí, kí ẹ kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún un nígbà tó bá ń wá físà.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni mo fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún jù. Lọ́dọọdún ni a ń yan aṣọ ẹgbẹ́jọdá fún ọjọ́ ìlú, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ẹgbẹ́ tó bá rí owó aṣọ yẹn lè rí èyí tí yóò fi rán ọ̀dọ́ méjì kan lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà ìlú, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ ní ẹ̀ka èdè ìlú náà, kí wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú àmì, kí wọ́n sì san owó fún àwọn àgbà náà. Bí ọjọ́ ìlú ọdún tó ń bọ̀ bá dé, ẹ pe àwọn ọ̀dọ́ yẹn sórí pèpéle kí ẹ tó pe olóṣèlú, ẹ ka orúkọ wọn, ẹ ka orúkọ àwọn tó sọ̀rọ̀ fún wọn, kí ẹ sì kéde iye tí ẹgbẹ́ yóò ná sórí ìwádìí ọdún tó tẹ̀ lé e.